Agboòrùn Aláwọ̀ Ìyeyè ní Ìlú Moréla

Ṣé ẹ ti jókòó rò ó wò rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò rò ó. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni tó ń wọ bàtà tí kò mọ ẹni tó rán an. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan á sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí baba ńlá yín tó dáyé. Mi ò bá wọn jà, ọ̀mọ̀wé náà ní láti jẹun. Àmọ́ èmi mọ ọkùnrin tí òwe náà ti ara rẹ̀ jáde. Mo mọ ilé rẹ̀ ní Ìkìrun, mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì mọ àwọ̀ agboòrùn tó dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Gbádéró Ọ̀ṣúnníyì lorúkọ ọkùnrin náà, àmọ́ Sọ́féyọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi bá ìjọba wọn ilẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú igbó, nínú àbàtà, lórí àpáta, kò sí ibi tí kò ti ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, nítorí náà ó dá a lójú pé kò sí ibi tí òun lè dé lábẹ́ ọ̀run tí òun ò ní mọ ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní kó dúró kó bèèrè ọ̀nà, ńṣe ló máa ń wo onítọ̀hún bí ẹni tó ní kó lọ bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣètò ìrìn àjò afẹ́ náà. Torí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ṣe ṣe é. Ìyá Oyèlọ́lá ni wọ́n ń pe màmá náà, ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọdún tó ṣáájú ló sin ọkọ rẹ̀, látìgbà náà ló sì ti dákẹ́ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sunkún níbi ìsìnkú náà. Èrò pọ̀, ìkòkò pọ̀ lórí iná, gbogbo èèyàn ló ń bi í léèrè ibi tí abọ́ wà. Ó ní òun ò ráyè ẹkún. Ìgbà tó wá ráyè, ẹkún náà kọ̀, kò wá mọ́. Ìbídùn ní kí àwọn mú un jáde lọ wo ayé. Ìyá Oyèlọ́lá bi í pé kí lòun fẹ́ fi ojú tó ń ṣe bàìbàì wò, nígbà tí dókítà ti sọ pé nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú òun méjèèjì, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i kúrò.

Àbúrò rẹ̀ ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ojú tèmi tó àwa méjèèjì lò."

Bí àwọn mẹ́rin ṣe bá ara wọn ní ilẹ̀ àwọn Pọtogí nìyẹn: Sọ́féyọ̀, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìbídùn, Ìbídùn fúnra rẹ̀, àti Ìyá Oyèlọ́lá. Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì gíga kan pẹ̀lú bí ogójì èèyàn tó wá láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fílípà sì ni amọ̀nà wọn. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìrìn àjò wọn ni wọ́n ń lọ sí Moréla, ìlú kékeré kan tó wà lórí òkè. Aago méjì ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì máa kúrò níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ òfurufú wọn máa gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, Fílípà dìde, ó gba gbogbo ẹni tó mú ẹbí wá níyànjú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà tuntun, nítorí òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ọ̀nà Moréla. Ó ní kí wọ́n mú omi dání. Ó pín ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa kì bọ etí kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn òun bí wọ́n bá tilẹ̀ jìnnà sí òun. Ó pín káàdì tí nọ́ńbà fóònù òun wà lára rẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ sápò ara rẹ̀, kí bàbá ilé má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sọ́wọ́ kan. Ó ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan fẹnu kò síbi tí wọ́n máa pàdé bí wọ́n bá pàdánù ara wọn, àti pé ibi tí omi ti ń tú jáde lẹ́nu kìnnìún olókùúta, ní àárín ìlú, ló dáa jù. Ó ní ohunkóhun tó bá rú wọn lójú, kí wọ́n bèèrè. Lẹ́yìn náà ló na agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè kan sókè, ó ní òun ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ti agboòrùn nìkan ló wọ Sọ́féyọ̀ létí. Káàdì tí wọ́n nà sí i, ó dá a padà, ó ní ọmọ jéléósinmi ni wọ́n máa ń kọ àdírẹ́sì sí lára. Ìyá Oyèlọ́lá gba tirẹ̀, ó dúpẹ́ lédè Yorùbá, ó so ó mọ́ etí gèlè rẹ̀. Ní ti bàtà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Màmá Ìbídùn ti fẹ́ wọ kánfáàsì rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀ ló ní ìyàwó sọ́féyọ̀ kì í wọ bàtà ọmọ iléèwé jáde níwájú òyìnbó, ló bá lọ yọ bàtà aláwọ̀ góòlù kan nínú páálí, tí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ lè gún iṣu.

Wọn ò tíì rìn ju ìdajì wákàtí lọ ní Moréla tí bàtà góòlù náà ti jẹ gìgísẹ̀ Màmá Ìbídùn dé ẹran. Ìbídùn gbé e jókòó síwájú ilé ìtajà kọfí kan, ó fẹ́ lọ wá pílásítà. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ dúró, kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Sọ́féyọ̀ ní gìgísẹ̀ ẹnì kan ò lè fi ìlú du èèyàn mẹ́rin, òun àti Ẹ̀gbọ́n máa tẹ̀ lé àwọn èrò lọ. Ìbídùn bi í níbi tí àwọn máa ti pàdé. Ó ní ibi tí agboòrùn bá wà ni, ó sì ti yí ẹ̀yìn padà kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ kìnnìún olókùúta.

Ẹ̀rọ etí náà, ó ti yọ ọ́. Ó ní ó ń kùn sí òun bí ẹ̀fọn, àti pé ọmọbìnrin yẹn ń sáré sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ẹ rí i, bó bá wà létí rẹ̀ ni, ì bá ti gbọ́ nígbà tí Fílípà sọ pé kí gbogbo èèyàn yà sí ọwọ́ òsì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ògiri àtijọ́ kan ló ń wò ní ìṣẹ́jú náà. Ògiri náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó di ojú kan, ó na àtàǹpàkò, ó fi wọ̀n ọ́n, ó sì ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹni tó mọ ọ́n kò mọṣẹ́. Ìyá Oyèlọ́lá, tí kò rí ògiri kankan, ní ó mà ṣe o.

Nígbà tó máa gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wọn mọ́. Àmọ́ bó ṣe wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó tajú kán rí i: agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n nà sókè gan-an, tó ń lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò lẹ́yìn. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bá wọn ní kọ̀rọ̀ kejì.

Ẹni tó bá rántí ohun tí ọkùnrin yìí sọ nípa ojú ara rẹ̀ á mọ̀ pé ohun gbogbo ló rí. Ó rí i pé gbogbo èèyàn ti wọ dúdú. Ó rò ó wò, ó sì rí àlàyé ṣe fún ara rẹ̀: òkè ni wọ́n wà, òtútù ti mú wọn, wọ́n ti wọ kóòtù. Ó rí i pé kì í ṣe Fílípà ló gbé agboòrùn mọ́, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó dá irunmú sí ni. Ó ní àwọn amọ̀nà máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí ọdẹ báǹkì. Ìyá Oyèlọ́lá bi í pé kí ló dé tí gbogbo èèyàn dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ń gbọ́ ohun tó wà létí wọn ni, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n dé iwájú ilé kan tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Bí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣe rí Sọ́féyọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síra wọn, wọ́n sì là sí méjì kí àwọn méjèèjì lè kọjá. Obìnrin kan fi ẹnu ko Ìyá Oyèlọ́lá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti tòsì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀ mọ́. Inú Sọ́féyọ̀ dùn. Ó ní bó ṣe yẹ kí wọ́n máa gba àlejò nìyí.

Inú ilé náà wú u lórí. Àga igi wà níbẹ̀ tó ti pẹ́, àwòrán àwọn èèyàn wà lára ògiri, dígí ńlá kan sì wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, pé báyìí ni Pọtogí ayé àtijọ́ ṣe ń gbé, tí wọn ò jẹ́ kí ohunkóhun yí padà. Ó ní dígí náà ti ṣọ̀wọ́n jù ni wọ́n ṣe fi aṣọ bò ó. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí àwọn èèyàn ń kọ nǹkan sí, tí wọ́n sì ń nu ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ tán. Òun náà gba kálàmù. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun gbádùn ibẹ̀, pé ilé náà mọ́ tónítóní, àmọ́ kí wọ́n tan iná díẹ̀ sí i. Ó sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bíi sọ́féyọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú wọn wọ yàrá inú, wọ́n sì fi wọ́n síwájú pátápátá.

Àbẹ́là mẹ́rin ló ń jó níbẹ̀. Láàárín wọn ni pósí kan wà tí wọ́n ṣí sílẹ̀, màmá arúgbó kan tó funfun bí ìwé sì sùn sínú rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù. Sọ́féyọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ti gbọ́ nípa ère tí òyìnbó máa ń fi ìda ṣe, àmọ́ kò mọ̀ pé wọ́n ṣe é dé ibi tí wọ́n ń to irun ìpéǹpéjú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ka sí ìka, ó tọ́ka sí etí. Imú nìkan ló ní ó ṣóńṣó ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní bóyá ọ̀sán pọ́n oníṣọ̀nà náà nígbà tó débẹ̀. Ó wá fi ẹ̀yìn ìka kan iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń dán ìkòkò wò lọ́jà.

Àwọn èèyàn náà wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan sún mọ́ pósí, ó fi ẹ̀yìn ìka kan iwájú orí òkú náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tẹrí ba. Èkejì rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún òkú àwọn ju àwọn lọ.

"Gbádéró," Ìyá Oyèlọ́lá ní, "ta ló sùn síbẹ̀ yẹn?"

"Ère ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìda ni wọ́n fi ṣe é."

Màmá náà fa òórùn àbẹ́là símú, ó fa ti òdòdó. Ó na ọwọ́, ó ń wá ohun tó máa fọwọ́ kàn, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà lé ọwọ́ ẹni tó sùn náà. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Òkú nìyí," ó ní.

"Ìda ló ń tutù bẹ́ẹ̀."

"Mo wẹ ìyá wa, Gbádéró. Mo wẹ ọkọ mi. Mo mọ ohun tí mo fọwọ́ kàn."

Sọ́féyọ̀ fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ àwọn di ẹlẹ́yà láàárín òyìnbó. Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, Ìyá Oyèlọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Ẹkún tó ti wà nínú láti ọdún tó kọjá ni, tí kò ríbi gbà jáde láàárín abọ́ àti ìkòkò, tó wá já lu ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó gbé agboòrùn, Àmáńdò lorúkọ rẹ̀, wá dúró tì í. Ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká màmá náà, òun náà sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ǹjẹ́ ohun tí ojú Sọ́féyọ̀ rí yìí kò tó? Ó tó. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ pé ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n máa ń gba àwọn òṣèré tó ń fi ìgbé ayé àtijọ́ hàn. Ó wo omijé tó ń kán sílẹ̀ láti irunmú Àmáńdò, ó ní ọkùnrin yìí mọṣẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ fún un, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹjì.

Kò pẹ́ ni fadá dé, wọ́n de pósí náà. Ọkùnrin mẹ́fà ló yẹ kó gbé e, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn di ìbàdí rẹ̀ mú, ó mi orí. Àmáńdò wò yíká, ó sì tọ́ka sí Sọ́féyọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Sọ́féyọ̀ ní òun ṣe tán. Ó ti kà á nínú ìwé ìrìn àjò náà pé àlejò lè kópa. Ó fi fóònù rẹ̀ lé obìnrin kan lọ́wọ́, ó ní kó ya òun, ó sì ki èjìká bọ abẹ́ pósí ní ọwọ́ ẹ̀yìn lápá òsì.

Ó wúwo. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ kí ìda wúwo lọ. Ọ̀nà náà gòkè, òkúta rẹ̀ ń yọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n rìn dé ìdajì òkè kí ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú tó fẹsẹ̀ kọ. Pósí náà tẹ̀ sápá òsì, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì rọra sún, ó fara ti pákó níbi tí etí Sọ́féyọ̀ wà gan-an. Ère kì í sún bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ojú kọ̀ láti gbà, èjìká gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ́féyọ̀ gbójú sókè, ó rí géètì, ó rí àgbélébùú lọ́tùn-ún lósì, ó rí erùpẹ̀ pupa tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Gbogbo aṣọ dúdú náà di aṣọ ọ̀fọ̀ lójú rẹ̀. Ó rántí ìwé tó buwọ́ lù. Ó rántí àtẹ́wọ́. Ó rántí iwájú orí ìyá oníyàá, tó kàn lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é láti abẹ́ pósí, "òkú mà ni."

Ìyá Oyèlọ́lá, tó ń rìn lọ́wọ́ obìnrin tó kọ́kọ́ kí i, kò yíjú. "Gbé e dáadáa," ó ní. "Má jẹ́ kó yẹ̀."

Ó gbé e dáadáa. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, láti géètì dé ẹ̀gbẹ́ ihò, kò sí ẹni tó rọra gbé ẹsẹ̀ tó o nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni agogo lu ìdajì wákàtí lẹ́yìn aago kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù kí bọ́ọ̀sì gbéra. Kò mọ apá ibi tó wà. Kò ní káàdì. Ó wo oòrùn láti mọ ìlà oòrùn, àmọ́ ìkùukùu ti bò ó. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dáyé, Sọ́féyọ̀ fẹ́ bèèrè ọ̀nà, ibi tó sì bá ara rẹ̀ ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Fadá gbàdúrà tán. Àmáńdò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn méjèèjì wo Sọ́féyọ̀, fadá sì na ọwọ́ sí i pé kó jáde síwájú kó sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn yíjú sí i. Àwọn kan ti mú áńkáṣíìfù jáde.

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Kò mọ orúkọ olóògbé. Gẹ̀ẹ́sì tí ì bá sọ, gbogbo rẹ̀ ti sá kúrò lórí rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó di í mú sí àyà, ó sì sọ̀rọ̀ lédè tó kù fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ ẹni tó kú. Mi ò mọ ibi tí mo wà. Ta ló lè fọ̀nà bọ́ọ̀sì hàn mí?"

Àwọn ará Moréla tẹrí ba. Wọ́n dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àmín."

Ìyá Oyèlọ́lá nìkan ni kò ṣe àmín. Ó tú etí gèlè rẹ̀, ó yọ káàdì Fílípà, ó sì fi lé obìnrin tó di í lọ́wọ́ mú lọ́wọ́. Obìnrin náà kà á, ó wò ó, ó sì gbé fóònù rẹ̀ jáde.

Kí aago tó lu méjì, Fílípà ti sáré gòkè náà dé, Ìbídùn wà lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Ìbídùn sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ó gbé bàtà góòlù dání ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá àti ọmọ ti jókòó ti kìnnìún olókùúta láti bíi wákàtí kan, Ìbídùn sì ti pe fóònù bàbá rẹ̀ títí ó fi sú u. Fóònù náà wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ya fọ́tò. Gbogbo ìgbà tó bá dún ni obìnrin náà ń pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ìsìnkú.

Àmáńdò bá Fílípà sọ̀rọ̀ púpọ̀, Fílípà sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n sin. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí màmá náà fi gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè sínú ilé rẹ̀, agboòrùn aláwọ̀ ìyeyè yẹn ló sì máa ń nà sókè ní ibùdókọ̀ kí àlejò tuntun lè dá a mọ̀. Kó tó kú, ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àlejò òun bá wá síbi ìsìnkú òun, kí wọ́n fi í síwájú. Wọ́n ti kọ lẹ́tà síbi tí wọ́n mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ìtìjú ti ń bá wọn láàárọ̀ yẹn, àfi ìgbà tí wọ́n rí bàbá kan àti màmá kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ lẹ́yìn agboòrùn.

Fílípà wo Sọ́féyọ̀. Ó ní òun lè máà sọ ohunkóhun fún Àmáńdò, kí àwọn kàn máa lọ.

Sọ́féyọ̀ wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. "Sọ òtítọ́ fún un," ó ní. "Sọ gbogbo rẹ̀. Ti ìwé náà, àti ti àtẹ́wọ́."

Fílípà sọ ọ́. Ó gbà á ní àkókò díẹ̀, nítorí àwọn ibì kan wà tó ní láti sọ lẹ́ẹ̀mejì. Àmáńdò gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tó parí, ìbéèrè kan péré ló bi wọ́n. Ó ní òun ti gbọ́ ti ìwé, òun ti gbọ́ ti ìda. Àmọ́ kíkàn iwájú orí lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àwọn àbúrò bàbá òun méjèèjì ti ṣe é, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Sọ́féyọ̀ ló gbà á sílẹ̀.

"Sọ fún un pé orí ìyá rẹ̀ la kí," Ìyá Oyèlọ́lá ní. "Kó sìn ín dé ibi tó ń lọ. Sọ fún un pé àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe é dáadáa."

Nígbà tí Fílípà túmọ̀ èyí, Àmáńdò bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ká ní ìyá òun wà láyé ni, bóyá ni kò ní ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ Ìyá Oyèlọ́lá, ó fún wọn ní búrẹ́dì àgbàdo tó ṣì gbóná, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ogójì èèyàn ló ti ń dúró dè wọ́n láti bí ogún ìṣẹ́jú. Màmá Ìbídùn wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé bàtà góòlù méjèèjì lé ọkọ rẹ̀ lórí itan, kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìyá Oyèlọ́lá sùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù, oorun àsùnhanrun.

Bí wọ́n ṣe padà dé Ìkìrun, àwọn ọ̀rẹ́ Sọ́féyọ̀ kún pálọ̀ rẹ̀ láti wá gbọ́ ìròyìn. Ẹ ò ní gbà á gbọ́ pé ọkùnrin náà ti rí ara gbà padà. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sọ fún wọn bí ògiri Moréla ṣe tẹ̀, ó sọ bí òkè rẹ̀ ṣe ga tó. Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, àní wọ́n fi òun síwájú níbi àpéjọ kan, wọ́n sì ní kí òun bá àwọn sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ wọ̀ wọ́n lára débi pé gbogbo wọn ló ṣe àmín.

"Kò sí ohun tó wà ní Moréla," ó ní, "tí mi ò fi ojú ara mi rí."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Oyèlọ́lá láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń fọwọ́ ṣa ẹ̀wà nínú atẹ.

"Òótọ́ ló sọ," màmá náà ní. "Àlejò lójú." Ó mú òkúta kan nínú ẹ̀wà náà, ó jù ú síta. "Kò kàn fi ríran ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní Ìkìrun, ó dé Ìràgbìjí, ó dé Òkukù, àwọn tó ń pa á kò sì mọ Moréla, wọn ò mọ Sọ́féyọ̀. Wọ́n kàn ti rí irú rẹ̀ rí ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.